Ẹ́ńjìnnì Ọ̀kadà Tí A Fẹ́ Kó Tóbi Sí I: Kí La Rà, Kí La Dá Padà?

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyíkéyìí nínú àwọn alùpùpù tó ń kó ata àti ẹ̀gẹ́ wọ ọjà Mọ́níyà, tí ẹ sì nu ẹrẹ̀ tó bo ìdí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí irú àkọlé báyìí: 156FMI, tàbí 162FMJ, tàbí 163FML. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn wọ́n kò bìkítà fún un, bẹ́ẹ̀ oríkì ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n kọ síbẹ̀. 1 tó ṣáájú ń sọ pé písítìn kan ṣoṣo ló ní. Òǹkà méjì tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. F ń sọ pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, kì í ṣe omi; M ń sọ pé ti alùpùpù ni. Lẹ́tà ìkẹyìn ni ti ìwọ̀n ààyè inú rẹ̀: I fún 125cc, J fún 150cc, L fún 200cc. Àwọn ará Ṣáínà ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí sì jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ Honda CG125 tí àwọn ará Japan gbé jáde láàárín àwọn ọdún 1970.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ló sọ mí di ẹni tó ń ka oríkì yìí. Ọ̀kadà 156FMI ló fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti abúlé kan lójú ọ̀nà Ìjàyè wá sí Mọ́níyà. Òkè kan wà lọ́nà náà tí jíà kìn-ín-ní pàápàá kò fẹ́ gbé e gùn mọ́, nígbà tó sì yá, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín búlúù, ó sì ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni ń jẹ iyọ̀. Ìyá rẹ̀ kó èésú rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún gàárì ni ìyá náà ti ń tọ́jú owó yìí dè, ó sì ní kí ọmọ òun kọ́kọ́ fi tún ọ̀kadà ṣe, nítorí ọ̀kadà ló ń bọ́ ilé.

Àbúrò mi ní níwọ̀n ìgbà tí a ó kúkú tú ẹ́ńjìnnì náà, kí a sọ ọ́ di 200cc lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti gbọ́ nípa kráńkì gígùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ẹ̀yin lẹ kàwé." Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ìṣirò ihò àti gígùn kò kọjá agbára ẹni tó jókòó tì í.

Ọ̀nà méjì péré ni a lè gbà sọ ẹ́ńjìnnì kan di ńlá láìfi písítìn kún un: kí a mú kí ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i, tàbí kí a mú kí ìrìn písítìn gùn sí i. Nínú CG125, ihò jẹ́ 56.5mm, ìrìn jẹ́ 49.5mm, ààyè tí písítìn ń gbá sì jẹ́ 124cc. Ẹ fi ihò 62mm sí i, kí ìrìn wà bó ṣe wà, ó di 149cc. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní 200, ihò jẹ́ 63.5mm, ìrìn sì jẹ́ 62.2mm, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 197cc. Kráńkì ló ń pinnu ìrìn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ìrìn gígùn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kráńkì, kí ó sì la ẹ́ńjìnnì náà sí méjì.

Kì í ṣe àwọn ọmọ ọlọ́kadà ló dá àrà yìí. Ẹ̀yin tí bàbá yín ní Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, ẹ bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ láàárín 1200 àti 1300. Ihò kan náà ni àwọn méjèèjì ní, 77mm. Kráńkì ni àwọn ará Jámánì pààrọ̀, tí ìrìn fi kúrò ní 64mm di 69mm, tí 1192cc sì di 1285cc. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ní ilé iṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tó kù láti bá kráńkì náà mu. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tiwa wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti 49.5mm dé 62.2mm, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12.7mm. Ìdajì rẹ̀, 6.35mm, ni písítìn yóò fi ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lókè, ìdajì kejì ni yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Bí ẹ bá lo písítìn àti búlọ́ọ̀kù àtijọ́, písítìn yóò forí sọ orí ẹ́ńjìnnì kí ọ̀kadà tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ nílò búlọ́ọ̀kù tó ga sí i, tàbí písítìn tí orí rẹ̀ kúrú, àti kónrọ́ọ̀dù tó bá a mu. Nísàlẹ̀, ẹ ní láti wò ó bóyá kráńkì ńlá náà á ráyè yí nínú kéèsì.

Ohun kejì tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ ni ìfúnpọ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì 124cc kan ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ní mẹ́sàn-án sí ẹyọ kan. Bí ààyè tó ṣẹ́ kù nínú orí rẹ̀ kò bá yí padà, ní 149cc yóò di 10.6, ní 197cc yóò sì fò lọ sí 13.7. Irú ìfúnpọ̀ ìkẹyìn yìí nínú ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù lára, lórí òkè, lọ́sàn-án gangan, tí ẹrù ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò mú kí epo máa gbiná ṣáájú àkókò, á máa ró ko-ko-ko, písítìn á sì lu. Nítorí náà, ẹni tó ra kráńkì gígùn ti ra orí ẹ́ńjìnnì náà, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Eré písítìn ńkọ́? Bí kráńkì bá ń yí ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan, písítìn onírìn 49.5mm ń rin mítà 13.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti 62.2mm ń rin 16.6. Béárìn, kónrọ́ọ̀dù àti ọ́ìlì ló ń san gbèsè ìyàtọ̀ yẹn.

A lọ sí ọjà Aràrọ̀mí ní Agodi Gate pẹ̀lú gbogbo èyí lórí ìwé. Ọlọ́jà kan gbé kráńkì wá, ó ní "kò sí èyí tí kì í wọ̀ nínú CG." Àbúrò mi sanwó kí n tó fa ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á lẹ́nu ọlọ́jà náà pé bí kò bá wọ̀, yóò bá wa pààrọ̀ rẹ̀, mo sì ní kó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rìsíìtì. Ìmọ̀ràn mi fún yín nìyẹn, ó sì wúlò ju gbogbo ìṣirò mi lọ.

Ní Mọ́níyà, ọ̀gá mẹkáníìkì kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó mú káálípà, ó wọn ojú ibi tí béárìn ń jókòó, ó wọn orí ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ń wọ̀. Èkejì kò bá tiwa mu. Ó ní a lè gbé e fún tọ́nà kó gé e, a sì lè wá mágínẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ìyá àbúrò mi, tó ti jókòó sórí àga onígi láti ìgbà tí a ti dé, wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí ó bá bàjẹ́ lóko lọ́jọ́ kan, irú èwo lẹ ó ní kí wọ́n bá a rà?" Kò sẹ́ni tó rí èsì. Kráńkì ti ẹ́ńjìnnì kan, kéèsì ti òmíràn, mágínẹ́ẹ̀tì ti ẹlòmíràn: kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á papọ̀.

A dá kráńkì padà, a sì fi gba búlọ́ọ̀kù àti písítìn 62mm, pẹ̀lú orí tirẹ̀. Kí a tó gbé e kúrò lọ́jà, a fi káálípà wọn ìdí búlọ́ọ̀kù náà bóyá á wọ ẹnu kéèsì wa, a wo bóyá ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá tiwa mu, a sì wo bóyá pín-ìnnì písítìn wọ ojú kónrọ́ọ̀dù. Ọ̀gá fi ríìngì sínú búlọ́ọ̀kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wọn àlàfo ẹnu wọn. Ó kọ ọ̀kan, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé gbígbẹ́ búlọ́ọ̀kù àtijọ́ lẹ fẹ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ ra písítìn tó tóbi díẹ̀, 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00mm, kí ẹ gbé e fún ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ihò náà, kó fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó gbẹ́ ihò ṣáájú ni ayédèrú písítìn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

A fi kílọ́ọ̀ṣì tuntun sí i pẹ̀lú sípíríǹgì tó le, àti jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹ́ńjìnnì tó gbòòrò tí epo rẹ̀ kéré máa ń gbóná lódì. Ọ̀gá ní kí a máa tú púlọ́ọ̀gì wò: funfun, epo kò tó, dúdú, ó pọ̀ jù, àwọ̀ ilẹ̀ pupa ló ń wá.

Lójú tèmi, ohun tó gbé ọ̀kadà náà gun òkè jù lọ fún iye owó tí a ná kò sí nínú ẹ́ńjìnnì rárá. Irin eléyín iwájú, níbi tí ṣéènì ti ń jáde, ni: a yọ eléyín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a fi eléyín mẹ́rìnlá sí i. Agbára tó dé táyà ẹ̀yìn lé ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, eré rẹ̀ lójú títì sì dín kù ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi kò tí ì dárí jì mí fún apá kejì yẹn. Búréékì ni mo ṣì ń bá a jà lé lórí báyìí, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún 125cc náà ló wà níbẹ̀, òkè tí a bá sì gùn la ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gá pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ gbé ju àpò ẹ̀gẹ́ kan lọ títí ríìngì yóò fi jókòó, àti pé kó pààrọ̀ ọ́ìlì kíákíá lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé. Àpò kejì ṣì ń bá ọkọ̀ akẹ́rù wá, ìyá rẹ̀ sì ti fi orúkọ sílẹ̀ fún èésú mìíràn.