Fífi Ẹsẹ̀ Rìn Ká Ìlú Ọ̀wọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀nà Ìkọ́ni ní Ìtàn àti Àṣà Yorùbá

Ìfáàrà

Inú ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá ìtàn àti àṣà Yorùbá pàdé. Wọ́n lè ka orúkọ oyè àti ọdún ìjọba láìṣì, síbẹ̀ kí wọ́n má mọ bí àgbàlá ààfin ṣe rí. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ìrìn ẹsẹ̀ pẹ̀lú amọ̀nà, láti àdúgbò kan sí èkejì ní ìlú Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣe lè di kíláàsì. Kókó rẹ̀ ni pé iṣẹ́ amọ̀nà kò mọ sí kíka orúkọ ibi. Amọ̀nà gidi ní láti mú kí àwọn tí ó ń tẹ̀lé e mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun mẹ́ta: ohun tí ojú rí, ohun tí ẹnu sọ, àti ohun tí wọ́n wà jáde láti inú ilẹ̀.

Àpẹẹrẹ Kyoto

Irú ìrìn báyìí ti pẹ́ ní àwọn ìlú mìíràn. Ìlú Kyoto ní Japan, tí ó jẹ́ olú-ìlú fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ní 1975, ìjọba Japan ṣe àtúnṣe sí òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀, kí ààbò má baà mọ sórí tẹ́ńpìlì tàbí ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó lè kan odidi àdúgbò tí àwọn ilé àtijọ́ pọ̀ sí. Ní 1976, àdúgbò Gion Shinbashi àti Sanneizaka ní Kyoto wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi òfin náà dáàbò bò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 2024, àwọn ará Gion ní láti ka wíwọ àwọn ojú ọ̀nà àdáni kan léèwọ̀ fún àlejò, nítorí pé àwọn kan ń lé àwọn obìnrin òṣèré ibẹ̀ kiri láti ya àwòrán wọn. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ni: àdúgbò lápapọ̀ ni ìtàn, ilé onílé sì ni àdúgbò.

Láti Ìdásẹ̀n

Bí ìrìn bá bẹ̀rẹ̀ láti ààfin, akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé pẹ̀lú ààfin ni ìlú bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ó dára kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìdásẹ̀n, ìlú tí ó ní ọba tirẹ̀, Alálẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ọ̀wọ̀ sọ pé Òjùgbẹ̀lú, ọmọ Odùduwà, ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ifẹ̀. Ìtàn náà ní ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìbọ̀wọ̀fúnni rẹ̀ ni ó bí orúkọ Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kan náà gbà pé àwọn kan, tí wọ́n ń pè ní Ẹfẹ́nẹ́, ti wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn ará Ifẹ̀ tó dé.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí amọ̀nà gbé kalẹ̀ ní Ìdásẹ̀n ni pé: ta ni ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Kò yẹ kí ó dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà Ìdásẹ̀n, kí wọ́n tún gbọ́ ti àwọn tí ó wà láàfin, kí wọ́n sì fi méjèèjì wé ara wọn. Níbi tí ìtàn méjì kò ti bára mu ni ẹ̀kọ́ ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ọ̀nà náà ni olùkọ́ èdè yóò ti rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ wà lára àwọn ti gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Fáwẹ̀lì *u* ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ níbẹ̀, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà láyè. Ibi tí àjùmọ̀lò yóò pè ní Igbó Lájà, Ugbó Lájà ni ti Ọ̀wọ̀. Ìró *gh*, tí kò sí nínú àjùmọ̀lò, sì wà nínú ọ̀rọ̀ *ùghà*, tí í ṣe àgbàlá ààfin.

Ààfin Ọlọ́wọ̀

Ààfin Ọlọ́wọ̀ wà lára àwọn ohun ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin dáàbò bò. Ìtàn fi yé wa pé ùghà inú rẹ̀ lé ní 100 nígbà kan rí. Ilẹ̀ gbalasa ni àárín ùghà kọ̀ọ̀kan; òrùlé yí i ká, ó sì dẹ̀ sí inú, tí òjò fi ń ṣàn sí àárín. Ọ̀tọ̀ ni ùghà tí àwọn ìjòyè ti ń péjọ, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n ti ń bọ. Bí àlejò bá ti ń kọjá láti ọ̀kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí bí agbára ṣe ní ìpele. Ọ̀rọ̀ náà *ùghà* tún fi ìbáṣepọ̀ Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú Ìbíní hàn, nítorí pé àwọn Ẹdó náà ń lò ó fún àgbàlá ní ààfin Ọba Ìbíní.

Púpọ̀ nínú àwọn ùghà wọ̀nyí ti wó. Ilé amọ̀ kò fẹ́ ìgbàgbé. Bí òrùlé bá ti jò, ògiri ti ń múra àtiwó nìyẹn. Bí ùghà kan bá sì wó, orúkọ rẹ̀ àti ètùtù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lè tẹ̀lé e. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ń tọ́jú ohun tí ó ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó lè gbé àgbàlá pamọ́.

Ugbó Lájà

Ibí ni ohun mẹ́ta tí a mẹ́nu bà ní ìfáàrà ti pàdé. Ìtàn ní Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n ni aya ọ̀wọ́n fún Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ó sì ní èèwọ̀ mẹ́ta: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ju ẹrù igi mọ́lẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ rú èèwọ̀ náà, ó bínú jáde láàfin. Wọ́n lé e títí dé Ugbó Lájà, gèlè rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí mú bọ̀.

Ọdún Igogo, tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Kẹsàn-án fún ọjọ́ 17, ni ìrántí rẹ̀. Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè a di irun bí obìnrin, agogo a rọ́pò ìlù, àwọn ọkùnrin kì í sì í dé fìlà.

Ní 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ Ugbó Lájà. Ó rí àwọn ère amọ̀ tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 600 ọdún. Àwọn kan jọ iṣẹ́ Ifẹ̀, àwọn kan jọ iṣẹ́ Ìbíní. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹkùn tí ó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Níbí ni amọ̀nà ti ní láti ṣọ́ra. Àwọn ère náà fi hàn pé ibi ìrúbọ ni ibẹ̀ láti ayébáyé. Wọn kò dárúkọ Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n. Ìtàn àti ilẹ̀ ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí tán fún èkejì.

Àwọn ibi tí ó gba ìdákẹ́jẹ́

Ìtàn ìlú kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Òwalúwà, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó tó 40. Bí ìrìn bá gba ibẹ̀ kọjá, kí amọ̀nà sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí, kí ẹnikẹ́ni má sì ya àwòrán. Ọ̀fọ̀ kì í ṣe ìran wíwò.

Ìmúrasílẹ̀ fún olùkọ́

Kí olùkọ́ kọ́kọ́ gba àṣẹ láàfin, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti lọ́wọ́ àwọn tí ó ni Ugbó Lájà. Ibi tí wọ́n bá ní kí àlejò dúró sí, kí ó dúró síbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má pọ̀ ju iye tí yóò lè gbọ́ ohùn àgbà kan láìlo gbohùngbohùn. Kí oníkálùkù fa ìlà sínú ìwé rẹ̀ kí ó di ọ̀nà mẹ́ta: *ohun tí mo rí, ohun tí mo gbọ́, ohun tí wọ́n wà jáde*. Kí wọ́n sì kọ orúkọ ibi bí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ṣe ń pè é, kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ di ti àjùmọ̀lò.

Àgbálọgbábọ̀

Ìrìn yìí kò béèrè owó ńlá. Ohun tí ó béèrè ni ẹsẹ̀, etí àti sùúrù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti rìn ín yóò lè ṣe irú rẹ̀ ní ìlú tí wọ́n bá rán an lọ láti kọ́ni, nítorí kò sí ìlú Yorùbá tí kò ní àgbàlá, igbó àti ìtàn tirẹ̀. Bí àwọn olùkọ́ ọ̀la kò bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láti júwe rẹ̀, ìwé nìkan ni yóò kù, ìwé kò sì lè fi ọ̀nà ùghà han ẹnikẹ́ni.