Ọ̀gá Kan Náà ní Ilẹ̀ Méjì: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Eré The Office

 

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run mú eré àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n ṣe kókó ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìrántí ilé-ìwé Kristẹni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ni ó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wa sì ń wo eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí lórí fóònù wọn, ìbáà ṣe nílé níbí, ìbáà ṣe ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà. The Office ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà tún un ṣe ní ọ̀nà tiwọn. Àwọn tí ó ti wo méjèèjì a máa jiyàn lórí èyí tí ó dára jù. Ní tèmi, mo rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni eré méjèèjì ń dáhùn, ìdáhùn wọn ni kò dọ́gba: kí ni ó yẹ kí a ṣe sí ọ̀gá tí kò mọ ọ̀gá í ṣe?

Eré àkọ́kọ́

Ricky Gervais àti Stephen Merchant ni ó kọ eré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn náà ni wọ́n sì darí rẹ̀. BBC bẹ̀rẹ̀ sí fi í hàn ní oṣù Keje ọdún 2001. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta tákàdá, tí wọ́n pè ní Wernham Hogg, ní ìlú Slough tí kò jìnnà sí London, ni ìtàn náà ti wáyé. Wọ́n ṣe eré náà bí ẹni pé àwọn ayàwòrán fíìmù kan wá gba ìgbé-ayé òṣìṣẹ́ gidi sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn òṣèré a máa wo ojú kámẹ́rà, wọn a sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀rín àwọn èrò tí a fi kún un lẹ́yìn ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ eré àwàdà àtijọ́. Bí ọ̀gá bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò bójú mu, kẹ́kẹ́ a pa. Òǹwòran fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun bojú.

David Brent ni ọ̀gá yìí, Gervais fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe é. Brent gbà pé ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn ni òun, ó sì gbà pé aláwàdà ńlá ni òun. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni kò lè dìde kúrò níbi àwàdà ẹni. Lábẹ́ rẹ̀ ni Tim wà, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́gbọ́n tí iṣẹ́ ti sú, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà láti fi í sílẹ̀. Gareth wà níbẹ̀, ẹni tí àṣẹ kékeré ń pa bí ọtí. Dawn, tí ń gba àlejò, fẹ́ràn àti máa ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà ti ń sùn nínú rẹ̀.

Eré náà kò fi ìbẹ̀rù àìríṣẹ́ ṣeré rárá. Ìròyìn dé pé wọ́n lè ti ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà pa. Brent ṣèlérí fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kò sí ohun tí yóò ṣe iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú rẹ̀, wọ́n fi ìgbéga lọ̀ ọ́, ìgbéga tí yóò mú kí àwọn kan nínú wọn pàdánù iṣẹ́, ó sì gbà á. Ó wá pè wọ́n jọ, ó ní ìròyìn burúkú kan wà, ìròyìn ayọ̀ kan sì wà: èyí tí ó burú ni pé wọn yóò dá àwọn kan dúró; èyí tí ó dùn ni pé wọ́n ti gbé òun ga. Ó ń wojú wọn bí ẹni tí ń retí àtẹ́wọ́. Àyẹ̀wò ìlera ni ó gba ìgbéga náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní òpin ọ̀wọ́ kejì, òun gan-an ni wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, wọn kò gbà. Ọ̀wọ́ méjì péré ni wọ́n ṣe, ìpín mẹ́fà-mẹ́fà, pẹ̀lú ìpín méjì tí wọ́n fi kádìí rẹ̀ ní Kérésìmesì ọdún 2003. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpín 14.

Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2005, NBC bẹ̀rẹ̀ sí fi ti Amẹ́ríkà hàn. Greg Daniels ni ó darí àtúnṣe náà. Slough di Scranton ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ìlú kan ní agbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú láyé àtijọ́. Wernham Hogg di Dunder Mifflin, tákàdá náà ni wọ́n sì ń tà. Brent di Michael Scott, tí Steve Carell ṣe. Tim di Jim, Dawn di Pam, Gareth sì di Dwight.

Ìpín àkọ́kọ́ tẹ̀lé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Nínú méjèèjì, òṣìṣẹ́ kan bá ẹ̀rọ ìsowépọ̀ rẹ̀ nínú jẹ́lì. Nínú méjèèjì, ọ̀gá fẹ́ fi àwàdà han òṣìṣẹ́ tuntun kan, ó fi ẹ̀sùn olè kan ọmọbìnrin tí ń gba àlejò, ó ní ó jí bébà pélébé tí a ń lẹ̀ mọ́ ìwé, ó sì ṣe bí ẹni lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà kò dún bákan náà. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí sọ pé àfarawé lásán ni. Ìwà Brent, nígbà tí a gbé e wọ Carell lọ́rùn láìgé e láìrán an, dà bí ìkà.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà mọ èyí ní kíá. Láti ọ̀wọ́ kejì, wọ́n pa egungun eré náà mọ́, wọ́n sì fi ẹran mìíràn bò ó. Michael ṣì ń sọ̀sọkúsọ, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ẹ̀bùn kan: ó mọ ọjà tà. Ìpín kan wà nínú ọ̀wọ́ náà tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, Jan, mú oníbàárà pàtàkì kan lọ sí ilé oúnjẹ. Jan rò pé ẹ̀fẹ̀ àti ìtàkúrọ̀sọ Michael ń fi àkókò ṣòfò ni. Kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni ó ń bá oníbàárà náà dá. Ilẹ̀ ṣú kí ọ̀rọ̀ tó parí, Michael ni ó sì gba iṣẹ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni òǹwòran mọ ìdí tí wọ́n fi fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jọ̀gá.

Iye ìpín eré náà wà lára ohun tí ó fa ìyípadà yìí. Ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ìpín 201, títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Ènìyàn lè fara da ọ̀gá tí kò ní ohun rere kan lára fún ìpín 14. Ta ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ? Àyè náà sì tún jẹ́ kí a mọ àwọn tí ó jókòó sí ẹ̀yìn. Stanley, Phyllis, Oscar, Angela, Kevin, olúkúlùkù ní ìtàn tirẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú lásán ni a mọ ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Slough sí.

Àwòrán Pam àti ọ̀dà Dawn

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ eré méjèèjì kedere, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀bùn àwọn ọmọbìnrin méjì yìí.

Ní Slough, Dawn ti bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó padà wá fún àríyá Kérésìmesì. Tim fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán ta á lọ́rẹ, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí ó fi rọ̀ ọ́ pé kí ó má ṣe sọ̀rètí nù. Nínú ọkọ̀ tí ń gbé e lọ ni ó ti tú ẹ̀bùn náà. Ó sunkún, ó sì padà sí àríyá lọ bá Tim. Òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó rí ohun tí Ọlọ́run fi sínú rẹ̀.

Ní Scranton, nínú ọ̀wọ́ kẹta, Pam kó àwòrán rẹ̀ lọ sí ibi àfihàn kan. Àwọn tí ó ń retí kò wá. Oscar tí ó wá kò mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn òun nígbà tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ń sọ pé àwòrán náà kò já mọ́ nǹkan. Ó ti ń kó wọn sílẹ̀ nígbà tí Michael wọlé. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti dójú ti Michael ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí ó ti lọ sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú àwòrán ilé-iṣẹ́ wọn, ó wò ó tìyanu-tìyanu, ó sì ní òun fẹ́ rà á. Ó sọ fún Pam pé inú òun dùn sí i. Pam dì mọ́ ọn, omijé sì lé sí i lójú. Ara ògiri ọ́fíìsì ni àwòrán náà wà títí di ìpín tí ó kẹ́yìn, tí Pam fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo èyí. Ọ̀gá tí ó pa Pam lẹ́kún ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó tún mú un sunkún ayọ̀. Níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìtùnú sí ọwọ́ ẹlẹgbẹ́, Amẹ́ríkà fi í sí ọwọ́ ọ̀gá. Ìyàtọ̀ yìí ni ó bí gbogbo ìyàtọ̀ yòókù.

Èrè àti àdánù

Kì í ṣe pé Amẹ́ríkà jèrè nìkan. Bí ọ́fíìsì Scranton ti ń di ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ kan ń fara sin: pé ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ilé, àti pé ènìyàn lè lo ọjọ́ ayé rẹ̀ dànù nídìí tábìlì tí kò fẹ́ràn. Ìdákẹ́jẹ́ Slough ń sọ èyí láìla ẹnu. Ní Scranton, Jim fẹ́ Pam, Michael rí aya tí ó tọ́ sí i, wọ́n sì kó lọ sí Colorado. Ó dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ó rọrùn ju bí ayé ti rí lọ.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì ṣe aláìní àánú pátápátá. Ní àríyá ìkẹyìn, Brent, tí iṣẹ́ àti ipò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dojú kọ Finch, ọ̀rẹ́ tí ó ti ń pọ́n lé láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú obìnrin tí ó bá a wá. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ti tò láti ya fọ́tò, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Owó oṣù wọn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Slough ni ọwọ́ òsì, Scranton ni ọwọ́ ọ̀tún. Ìbáwí láìsí ìfàmọ́ra a máa sọ ènìyàn di aláìnírètí. Ìfàmọ́ra láìsí ìbáwí a sì máa jẹ́ kí ìwà burúkú di ohun ẹ̀rín.

Àtúnṣe irú èyí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ka The Gods Are Not to Blame ní kíláàsì. Ìjà tí Sophocles, ará Gíríìsì, fi sí oríta mẹ́ta, inú oko iṣu ni Ọlá Rótìmí gbé e lọ, nítorí ó mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́ fún àgbẹ̀ Yorùbá. Pọ́ọ̀lù Àpósítélì náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì. Nínú sínágọ́gù ní Áńtíókù ti Písídíà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìtàn Ísírẹ́lì. Ní Átẹ́nì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ara pẹpẹ tí àwọn ará ìlú fúnra wọn mọ. Ìyìn rere kan náà ni. Ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn ní láti mọ ilẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀yin òbí, mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ rírùn àti ẹ̀fẹ̀ ìbálòpọ̀ wà nínú eré méjèèjì. Èébú inú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì le jù. Kì í ṣe fún ọmọdé. Bí ọmọ yín bá ti dàgbà tó, tí ó sì ń wò ó, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé: ta ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, ta ni ó sì ń sunkún?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ jẹ́ ọ̀gá, ní báńkì, ní ilé-ìwé, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, àti àwa tí a ń darí ìjọ, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni a wà. Òṣìṣẹ́ wa kò ní wojú wa kí ó sọ pé àwàdà wa kò dùn, tàbí pé ọ̀rọ̀ wa dun òun. Yóò rẹ́rìn-ín ni, yóò sì gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa bi ara wa léèrè bóyá ẹ̀rín tí a ń gbọ́ yóò ṣì kù lọ́jọ́ tí a bá fi ipò sílẹ̀. Kí a sì wò yíká: Pam kan lè wà ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wa, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dúró wo àwòrán rẹ̀.

Kí Olúwa fún ilé-ìwé wa ní ọ̀gá tí ó mọ ènìyàn, kí ó sì sọ àwa náà di irú wọn. Àmín.