Àdán mélòó ló wà lórí igi yẹn?

Ẹ̀yin tí dátà yín ò tó láti gbọ́ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tí íápíìsì yín ti kú sí etí kan, ohun tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Mo yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni mi ò rí nǹkan ṣe sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹni tó bá ti gbé Ifẹ̀ rí, pàápàá nítòsí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ojú ọ̀run sì pọ́n díẹ̀, ẹ gbójú sókè. Àdán lẹ máa rí. Kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́wàá. Wọ́n á máa tú jáde bí èéfín, gbogbo wọn á kọrí síbì kan náà. Àwọn jámbàìtì á yọ fóònù, wọ́n á ya fídíò, wọ́n á gbé e sí status. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ á rọra fi ìwé bo orí. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Èyí kì í ṣe òòbẹ̀ kékeré tó ń gbé inú àjà ilé o. Àdán ńlá tó ń jẹ èso ni, èyí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Eidolon helvum. Tó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 76. Wọn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń pe yunifásítì yẹn ní Yunifásítì Ifẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí kan ti wà tí wọ́n sọ ní Ife Fruit Bat Project. Ní 1974, E. E. Okon kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé The Nigerian Field nípa ibi tí àwọn àdán Ifẹ̀ ń sùn sí àti oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn òbí mìíràn tó ń ka ìwé yìí ò tíì dáyé nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí 2014. Mo wà ní SS2, ní ilé ìwé kan níbí ní Ifẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ rántí ọdún yẹn? Ọdún Èbólà. Oṣù keje ló dé Èkó. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ìsọkúsọ kan gba orí fóònù kan pé ẹni tó bá fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò ní kó o. Màmá mi jí mi láàárín òru. “Dìde, lọ wẹ̀.” Mo wẹ̀. Ojú ń ta mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Wọ́n sún ìwọlé ilé ìwé síwájú. Nígbà tá a wá wọlé, ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo èèyàn ni pé àdán ló ń gbé Èbólà kiri. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: àwọn onímọ̀ fura sí àwọn àdán kan tó ń jẹ èso pé ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn náà ń sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ti Nàìjíríà, èèyàn ló gbé e wọlé, nínú ọkọ̀ òfuurufú, láti Làìbéríà. Kò sí ẹnì kan ní orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún yẹn tí a gbọ́ pé ó kó o lára àdán Ifẹ̀. Ṣé ẹ máa sọ ìyẹn fún òbí tí ẹ̀rù ti bà?

Igi máńgòrò ńlá mẹ́ta ló wà lẹ́yìn kíláàsì wa, àdán sì kún orí wọn. Kí n má parọ́ fún yín, wọ́n ń dààmú wa. Wọ́n ń pariwo lọ́sàn-án bí ẹni ń jà sí ogún. Ìgbẹ́ wọn ń bọ́ sára yunifọ́ọ̀mù, òórùn wọn kò sì ṣeé kó lọ sọ́jà. Nítorí náà nígbà tí ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ gé igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lulẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì wa pàtẹ́wọ́.

Àwa mẹ́fà ò pàtẹ́wọ́. Àwa mẹ́fà náà la kù nínú ẹgbẹ́ kan tí anti tó ń kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbin òdòdó létí fẹ́ńsì tí ewúrẹ́ sì ń jẹ ẹ́. A lọ bá wọn, a ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ pírínsípà.”

Wọ́n wò wá. “Àdán mélòó ló wà lórí igi yẹn?”

Kò sẹ́ni tó mọ̀.

“Ẹ fẹ́ bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tí ẹ ò mọ iye rẹ̀. Ẹ lọ kà wọ́n ná.”

Bí a ṣe kà wọ́n nìyí, torí ó lè wu ẹlòmíràn láti dán an wò. Lọ́sàn-án, àdán kì í so rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń dì pọ̀, ìdìpọ̀ kan níbí, ìdìpọ̀ kan lọ́hùn-ún. O máa mú ẹ̀ka kan, wàá ka iye ìdìpọ̀ tó wà lórí rẹ̀, wàá yan bíi mẹ́ta nínú wọn, wàá ka àdán inú wọn ní méní-méjì, wàá mọ iye tó sábà máa ń wà nínú ìdìpọ̀ kan, wàá wá fi ṣe ìsọdipúpọ̀. Bọ́ sí ẹ̀ka kejì. Ẹni méjì ni kó kà á, kí ẹnikẹ́ni má wo ìwé ẹnìkejì. Tí iye yín bá jìnnà síra, ẹ tún un kà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi ní 380, ọ̀rẹ́ mi ní 447. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

Ti ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀. Ẹ dúró síbi tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀ kí wọ́n tó máa jáde. Ẹnì kan á máa kà wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá bí wọ́n ṣe ń fò kọjá, ẹnì kejì á máa fa ilà sínú ìwé. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ aago, ẹ kọ bóyá òjò rọ̀. Ẹ má ju òkò kí wọ́n lè fò. Ẹ má sì la ẹnu sílẹ̀ bí ẹ bá ń wòkè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Láàárín ìgbà yẹn anti fún wa ní ìwé kà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mi ò gbàgbé mọ́. Gbogbo wa la mọ ìrókò, gbogbo wa la sì gbọ́ ìtàn iwin tó ń gbé inú rẹ̀. Èso ìrókò wà lára oúnjẹ àdán yìí. Á jẹ ẹ́, á fò lọ, á sì ya kóró rẹ̀ síbòmíràn. Lẹ́yìn tí mo ti jáde ilé ìwé, ní 2016, ìwádìí kan jáde láti Gánà. Àwọn olùwádìí so ẹ̀rọ GPS mọ́ àdán lára, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó lè gbé kóró kékeré jìnnà tó kìlómítà 75. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ èso ní Ifẹ̀, tó fò tààrà láìtẹ̀lé títì, ó lè yà á sí Ìbàdàn. Ọ̀bọ ò lè gbé e débẹ̀. Àdán sì máa ń fò kọjá lórí oko àti ilẹ̀ gbalasa, níbi tí wọ́n ti gé gbogbo igi tán, ibẹ̀ gan-an sì ni irúgbìn tuntun ti wúlò jù.

Àmọ́ wọn kì í yára pọ̀ sí i. Èkúté á bí púpọ̀, kò ní pẹ́ á tún bí òmíràn. Àdán yìí, ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lọ́dún. Wọ́n sì ń pa wọ́n jẹ gan-an: ní Gánà, ìwádìí kan tó jáde ní 2011 sọ pé ó kéré tán 128,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún. Àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹranko tó ti ń súnmọ́ ewu ìparun. Ẹni tó bá wo ojú ọ̀run Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́ lè ní irọ́ ni. Òun gan-an nìyẹn. Ẹranko tó bá ń rìn lọ́pọ̀ yanturu, ojú lásán kì í mọ̀ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Nínú ìlú Ákírà, ní ọsibítù àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní 37, àdán bí irú èyí ti ń so lórí igi láti ọdún gbọọrọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé wọ́n sin ọba kan wá láti abúlé, ọba kú sí ọsibítù, àwọn àdán sì ń dúró dè é láti sìn ín padà sílé. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kà wọ́n níbẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ pé àdán náà máa ń lọ nígbà òjò, wọ́n sì máa ń padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní igbó Kasanka ní Sáḿbíà, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ wọn ló ń kóra jọ sínú igbó kékeré kan.

Ẹ má rò pé ọmọ ilé ìwé ò lè ṣe nǹkan kan. Ní 1991, ọmọ ilé ìwé méjìlá lọ bá Jane Goodall ní ilé rẹ̀ ní Dar es Salaam, wọ́n jókòó sí fàráńdà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pa ẹran igbó àti àwọn tó ń fi bọ́ǹbù pẹja ń dun àwọn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Roots & Shoots ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 60. Nílé níbí, Iroro Tanshi ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà nígbà tó rí àdán kékeré kan, Hipposideros curtus, ní òkè Afi ní Cross River ní 2016. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 45 tí ẹnikẹ́ni ti rí i ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ sígbà náà ni iná ọ̀dàn jó igbó yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ lórí bí iná oko kò ṣe ní wọ igbó mọ́, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Whitley ní 2021.

Ó yẹ kí n sọ èyí kí n tó tẹ̀síwájú, torí màmá ẹnì kan máa gbé fóònù pè mí: ká ka àdán, ká má fọwọ́ kàn án. Ní 1956, Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Lagos bat virus, lára àdán tí mò ń sọ yìí gan-an. Mọ̀lẹ́bí àrùn dìgbòlugi ni. Ní Ìdànrè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún àdán, tí àwọn èèyàn ń wọ inú ihò òkè lọ mú wọn, àwọn olùwádìí lọ síbẹ̀ ní 2010 àti 2013. Ó lé ní ìdajì àwọn àdán tí wọ́n yẹ̀ wò tí àmì irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọn ò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn kankan. Tí àdán bá já bọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe lọ́la.

Ó dáa, pírínsípà. A wọlé, a kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ló rán yín?” A ní, “Kò sẹ́ni tó rán wa, sà.” A gbé ìwé wa kalẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ dá ọ̀rọ̀ ìrókò lóhùn. Ohun tí wọ́n tẹjú mọ́ ni àwòrán tí a yà, tó fi hàn pé igi méjì ló na ẹ̀ka sórí kíláàsì àti ọ̀nà tí a ń gbà kọjá. Ẹ̀kẹta wà létí fẹ́ńsì, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ àfi koríko, òun ló sì ní èyí tó pọ̀ jù nínú àdán tí a kà. Wọ́n gé méjì, wọ́n fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Títí di òní, mo gbà pé tí wọ́n bá gé àwọn ẹ̀ka tó yọ sórí kíláàsì nìkan, ì bá tó. Ṣùgbọ́n igi kan ló kù, ìwé ló sì gbà á sílẹ̀.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìwé ogójì ojú ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Oṣù tá a ṣe WAEC ni a kà wọ́n kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ewé funfun. Kò sí ẹni tó kà wọ́n mọ́, nítorí náà bí ẹ bá bi mí bóyá àdán ibẹ̀ pọ̀ sí i tàbí wọ́n dín kù ní ọdún mẹ́wàá yìí, mi ò lè dá yín lóhùn.

Mo padà síbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti kun kíláàsì wa, igi etí fẹ́ńsì ṣì wà. Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn, mo dúró sábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, mo ń ka ìdìpọ̀. Àwọn ọmọ JSS3 kan dúró, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Anti, kí lẹ̀ ń wá?” Mo sọ fún un. Ó gbójú sókè, ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní òun rí 61. Èmi rí 74. Mo ní ká tún un kà, mo sì na báírò sí i.