Kí Ọwọ́ Àlejò Kọ́kọ́ Dún: Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orin

Ìṣòro kan ń bá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin fínra tí kò kan ti ère. Ère dúró kí a wò ó, ó parí. Ṣùgbọ́n ìlù tí a gbé kọ́ ara ògiri, tí a kọ orúkọ sí abẹ́ rẹ̀, igi àti awọ lásán ni títí ẹnìkan yóò fi lù ú. Bí a bá fẹ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí Minna, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ rò, kí àlejò sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú nǹkan dún níbẹ̀ kó tó ka ìwé kankan.

Àwọn mìíràn ti gbìyànjú. Ní Phoenix ní Amẹ́ríkà, ilé ohun èlò orin kan tí wọ́n ṣí ní 2010 máa ń fún àlejò ní ohun tí à ń fi bo etí. Bó bá ti sún mọ́ ìlù orílẹ̀-èdè kan, orin ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún sí i létí. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ tọkọtaya tó jọ wọlé lè má jọ gbọ́ orin kan náà. Kalakuta, ilé Fẹlá olórin ní òpópónà Gbemisola, Ìkẹjà, tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2012, gba ọ̀nà tirẹ̀: ibojì Fẹlá wà níwájú ilé, aṣọ àti bàtà rẹ̀ wà nínú. Ó ń wọni lára, ṣùgbọ́n olóògbé ni à ń kọ́kọ́ pàdé, orin rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Minna kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sọ́nà jíjìn. Ní Bida, ní Ìpínlẹ̀ Niger kan náà, àwọn Nupe ní katamba, ilé ẹnu ọ̀nà tí àlejò ń gbà kọjá kó tó dé àgbàlá. Kí a kọ́ irú rẹ̀ síwájú ilé orin náà. Ògiri amọ̀ tó nípọn á dín ariwo ọ̀kadà kù, ara àlejò á sì tutù díẹ̀ nínú ooru. Láàárín rẹ̀, kí a gbé ìkòkò ẹlẹ́nu gbàgàdà àwọn Gbagyi kalẹ̀ (ìran Ladi Kwali, amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn ₦20 wa), kí omi kún un, kí a sì dojú igbá dé orí omi náà. Àwọn obìnrin Hausa ti ń lu irú igbá yìí tipẹ́ nínú orin tí wọ́n ń pè ní amada. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín igbá àti omi ló ń mú ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Igbá ńlá ń dún wúwo, igbá kékeré ń dún fẹ́lẹ́. Ọmọdé lè lù ú, ìyá àgbà lè lù ú. Bí ènìyàn mẹ́ta tí kò mọra rí bá jọ lù ú, wọ́n ti di ẹgbẹ́ onílù kí wọ́n tó sanwó ìwọlé.

Àwọn kan á ní ọmọ ìsinsìnyí kò ní ka igbá sí bí kò bá sí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó ń tàn yanran. N kò bá ẹ̀rọ jà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé John Randle Centre ní Oníkan, l'Ékòó, lo fídíò àti ohùn, ó sì gbé èdè Yorùbá síwájú. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó ni ìsédò iná mànàmáná Kainji àti Shiroro, iná ṣì ń lọ níbẹ̀. Igbá tó bá fọ́, ọjà la ó ti ra òmíràn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀rọ tó bá kú lè dákẹ́ sílẹ̀ fún ọdún kan.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé kì í ṣe gbogbo ohun èlò ló wà fún gbogbo ọwọ́. Òótọ́ ni. Kàkàkí, fèrè gígùn nì, jẹ́ ti ọba, a kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di fèrè ọmọdé. Kí a gbé e kọ́ sókè, kí a gba àṣẹ láàfin, kí ohùn rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ máa dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí àlejò mọ̀ pé ohùn kan wà tí owó ìwọlé kò rà.

Owó tẹlifíṣọ̀n ńlá náà, kí a fi gba onílù méjì síṣẹ́. Láàfin Ọ̀yọ́, onílù ló ń fi dùndún kéde àlejò. Ti Minna náà á dá ẹni tó bá lu igbá lóhùn: bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á dá mẹ́ta padà, wọ́n á sì fi ọ̀kan kún un. Àwọn náà ni yóò máa da omi ìkòkò nù lálaalẹ́, nítorí ẹ̀fọn kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì.