Ta Ló Yan Iṣẹ́ Náà?

Ní Weston Collegiate, ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní Weston ní 1857, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe International Baccalaureate máa ń kọ àròkọ gígùn kan tó lè tó 4,000 ọ̀rọ̀. Tíṣà kì í gbé àkọlé fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa wá ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn. Tíṣà kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni.

Òbí Yorùbá lè ní: ọmọ ọdún 17, kí ló mọ̀ tó fi máa yan iṣẹ́ fún ara rẹ̀?

Ní 1978, Miron Zuckerman, Edward Deci àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Soma, ègé méje tí èèyàn máa ń tò pọ̀ kó lè jọ oríṣiríṣi nǹkan. Wọ́n pín wọn ní méjì-méjì. Ẹnì kìíní yan 3 nínú àwòrán 6, ó sì pinnu iye ìṣẹ́jú tó máa lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yàn gan-an ni wọ́n gbé fún ẹnì kejì, ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ ò rí i? Iṣẹ́ ò yàtọ̀, ẹni tó yàn án ló yàtọ̀. Àwa tó ń kọ sọ́fítíwíà máa ń wá irú àyẹ̀wò tó mọ́ báyìí, a kì í sábà rí i. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú máa ṣe ohun tó wù ú, àwọn tó yàn fúnra wọn ló pẹ́ jù nídìí eré náà.

Apá tó kàn wá jù wá nìyí. Ní 1999, Sheena Iyengar àti Mark Lepper fún àwọn ọmọ ọdún 7 sí 9 ní San Francisco ní lẹ́tà tí wọ́n dà rú, kí wọ́n tò ó di ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ṣe dáadáa jù nígbà tí wọ́n fúnra wọn yan irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ tò. Àwọn tí ìdílé wọn wá láti Éṣíà ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé màmá àwọn ló yàn án ni wọ́n ṣe dáadáa jù! Tó bá jẹ́ àlejò ló yàn án, ara wọn ò yá sí i.

Kò sí ọmọ Yorùbá nínú àyẹ̀wò yẹn, ṣùgbọ́n ó jọ ilé wa. Tíṣà wá ńkọ́, ṣé màmá ni àbí àlejò? Lójú tèmi, ó kéré tán, kó jẹ́ kí ọmọ mú nǹkan kan fúnra rẹ̀: ní kíláàsì Yorùbá, bóyá ìtàn ìjàpá ni o, ẹ̀fọ́ rírò ni o, tàbí bọ́ọ̀lù. Kó má ṣáà jẹ́ "ṣé o fẹ́ kọ ọ́ báyìí ni, àbí lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún?" Àwọn ọmọ tètè máa ń já irú ẹ̀.