Bí iná bá lọ ní ọ́fíìsì, ibo ni ìpè oníbàárà ń gbà?

Ẹni tó ń ṣòwò lè ní ọ́fíìsì ní ìgboro Ore, kí iṣẹ́ gbé e lọ sí Agbabu lọ́sàn-án. Oníbàárà kan pe fóònù ọ́fíìsì láti Èkó. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Oníbàárà ò ní dúró, á pe ẹlòmíì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọ́fíìsì tó ń lo fóònù íntánẹ́ẹ̀tì mọ bí wọ́n ṣe ń darí ìpè.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ohùn ń gbà lórí irú fóònù yìí. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní PBX ló ń gba ìpè, tó sì ń pín in sí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kékeré tiẹ̀, bíi 101 tàbí 102.

Nǹkan méjì kan wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Èkíní ni gbígbé ìpè fún ẹlòmíì. Akọ̀wé ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó wá gbé ìpè náà fún ọ̀gá. Ó lè gbé e ránṣẹ́ láìsọ nǹkan kan, ó sì lè kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá pé, "Sà, oníbàárà wa láti Èkó ló ń pè o." Èyí ló dáa jù, torí bí ọ̀gá ò bá sí níbẹ̀, akọ̀wé á padà bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Èkejì ni dídarí ìpè. Níbí, ẹnikẹ́ni ò tíì gbé fóònù, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń darí ìpè sí nọ́ńbà tí wọ́n ti fún un. Lórí FreePBX, bó ṣe wà látilẹ̀, *72 ń darí gbogbo ìpè, *73 sì ń fòpin sí i. *90 wà fún ìgbà tí ẹni náà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, *52 fún ìgbà tí kò bá sẹ́ni tó gbé e. *91 àti *53 ló ń pa àwọn méjèèjì yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ibo ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀? Bó bá jẹ́ inú fóònù orí tábìlì, tí iná bá lọ, fóònù kú, ètò náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú PBX tó wà ní ọ́fíìsì kan náà, ó nílò bátìrì tàbí ẹ̀ńjìnnì. Ṣùgbọ́n bí PBX bá wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ níbòmíràn, ìpè á ṣì máa lọ sí fóònù alágbèéká ẹni tó wà ní Agbabu.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta:
- Ọ́fíìsì ló máa ń san owó ìpè tí wọ́n darí síta, kì í ṣe ẹni tó pè.
- Bí fóònù alágbèéká bá wà ní pípa, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lè gbé ìpè náà, kí PBX rò pé èèyàn ló gbé e.
- Bí 101 bá ń darí ìpè sí 102, tí 102 náà ń darí rẹ̀ padà sí 101, ìpè á kàn máa yípo ni.

Àwọn oníjìbìtì náà mọ iṣẹ́ yìí. Wọ́n á pe èèyàn lórí síìmù rẹ̀, wọ́n á ní kó tẹ **21*, nọ́ńbà kan, àti #. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ìpè rẹ̀ á máa lọ, títí kan ìpè tí WhatsApp fi ń sọ nọ́ńbà àṣírí. Ẹ má tẹ kóòdù tí àlejò bá pè fún yín. *#21# ló ń fi hàn bóyá wọ́n ti darí gbogbo ìpè yín síbòmíràn, ##002# ló ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Lẹ́yìn ètò, kí ọ́fíìsì yọ wáyà iná fóònù náà, kí wọ́n fi fóònù míì pè é. Ibi tó bá ti dún ni ìpè oníbàárà á máa lọ.