Ta ló ni etí òkun Lẹ́kì?

Àwọn àgbà tó mọ Èkó láyé àtijọ́ kò lè gbàgbé Bar Beach ní Victoria Island. Bí ọdún Kérésì, Àjíǹde tàbí Iléyá bá dé, ńṣe ni èrò máa ń wọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa gun ẹṣin, àwọn aláṣọ funfun a máa gbàdúrà létí omi, àwọn onísùyà a sì máa ta ọjà wọn. Ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti yìnbọn pa ògbólógbòó adigunjalè nnì, Ishola Oyenusi, lọ́dún 1971, lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

Lónìí, Bar Beach ti di ìtàn. Òkun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Láti ọdún 1908 ni àwọn òyìnbó ti ń fi òkúta ńláńlá mọ odi sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn wá dúró sẹ́yìn odi náà, Bar Beach tó wà ní ìlà oòrùn kò sì rí tirẹ̀ gbà mọ́. Bí omi ṣe ń ya wọ òpópónà Ahmadu Bello nìyẹn. Nígbà tó yá, ìjọba fa iṣẹ́ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, wọ́n sì fi iyanrìn dí òkun. Ìlú tuntun Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí, ilé olówó gọbọi ló sì pọ̀ níbẹ̀.

Kuramo, tó wà nítòsí ibẹ̀, kò gbẹ́yìn. Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ru wọ inú àwọn ahéré tó wà létí omi lóru, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ahéré tó kù.

Ẹni tó bá kọjá síwájú sí ọ̀nà Lẹ́kì yóò rí etí òkun Oniru àti ti Elegushi. Ìgbafẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń wọlé. Àwọn tó ń dá ọjà sílẹ̀ níbẹ̀ pàápàá kò fọkàn balẹ̀. Lọ́dún 2024, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Calabar, tó tó 700 kìlómítà, katakata wó ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Landmark Beach. Ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ mítà 250 láti etí omi jẹ́ ti òun.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ilé kò tíì gbà. Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, ló dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ lọ́dún 1980. Lọ́dún 1990, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ iléeṣẹ́ epo Chevron, àjọ náà ya igbó àti àbàtà kan sọ́tọ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, kí ènìyàn tó dé Ajah. Hẹ́kítà 78 ni, nǹkan bí éékà 190. Ọ̀bọ, ọ̀nì àti ọ̀kín ń bẹ níbẹ̀. Afárá pákó la fi ń rìn lórí àbàtà, afárá olókùn tó gùn tó mítà 401, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2015, sì wà lókè láàárín igi.

Lóòótọ́, wọ́n ń gba owó níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n igbó ṣì ń jẹ́ igbó, àbàtà sì ń gba omi òjò tí ìbá ya wọ ilé àwọn ará àdúgbò.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ti pààlà sí ilẹ̀ náà kó tó di pé owó ilẹ̀ gun òkè. Bar Beach kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ará Èkó nìkan. Abúlé tó ní etí odò, igbó tàbí pápá tí gbogbo ìlú jọ ń lò, kí baálẹ̀ àti àwọn ọmọ ìlú tètè jókòó, kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì fi ìwé tì í lẹ́yìn. Igi gànràngànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.